Nígbà Tí Odò Ṣì Máa Ń Kìlọ̀

Gán-án, gán-án, gán-án. Ìyá mi ló ń fi èkù ọ̀bẹ lu etí abọ́ tánganran lẹ́bàá odò Ògùn, lẹ́yìn Ìkòsì. Tí a bá ti gbọ́ ọ, a mọ̀ pé omi ti kan ìdí igi ìyeyè. Kò sẹ́ni tó ń sáré. Odò ìgbà yẹn dà bí àlejò tó mọ̀wà hù, á kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. A ó já tẹ̀tẹ̀, a ó já ṣọkọ, a ó rù ú lọ tà ní Kétu, a ó tún padà wá kó irúgbìn kí omi tó bo ebè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí Kúnbi, ọmọ àbúrò mi obìnrin, pè mí lórí fóònù ní Kùmásì ní Gánà, níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Òun àtàwọn obìnrin kan láti Ìṣẹ́yìn ló ń dá oko ìyá wa báyìí.

"Daddy Kùmásì, omi kì í kìlọ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ẹ̀fọ́ wa lọ lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ kì í wo igi ìyeyè ni?"

"À ń wò ó, sà. Omi ni kì í wò ó."

Ó ní Débọ́lá, obìnrin tó máa ń wá kọ́ àwọn àgbẹ̀ níṣẹ́, ti ní kí wọ́n máa tọ́ ọmọ ẹ̀fọ́ sínú àpò sìmẹ́ńtì àti abọ́ fífọ́ lórí ilẹ̀ gíga. Tí omi bá lọ, wọ́n á ti ní ohun tí wọ́n máa lọ́ sórí ebè lójú ẹsẹ̀.

"Ilẹ̀ gíga wo ló wá kù ní Ìkòsì, Daddy? Ilé ló kún ibẹ̀. Tiyín nìkan ló ṣófo."

Ilẹ̀ mi ọ̀hún, mo ti da iyanrìn sí i títí ó fi ga ju títì lọ. Mo ti mọ ògiri yí i ká, mo ti fi ìpìlẹ̀ yàrá mẹ́rin lélẹ̀. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ padà sí kí n tó kú. Mo sì mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀: ẹni tó ní òun kàn fẹ́ fìdí lé e, lọ́la ló máa na ẹsẹ̀. Mo ní kí Kúnbi jẹ́ kí n rò ó. Mo wá pe Nojeem wẹ́dà, tí kọ́kọ́rọ́ géètì ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má ṣí géètì yẹn fún ẹnikẹ́ni, àfi tí o bá rí i pé mo kọ ọ́ ránṣẹ́. Àwọn ọmọ ayé lè sín ohùn mi jẹ."

Oṣù ń gorí oṣù, mo ṣì ń rò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, fídíò kan wọlé sórí fóònù mi láti ọ̀dọ̀ Kúnbi. Oòrùn ni mo kọ́kọ́ rí. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu kankan. Lábẹ́ oòrùn yẹn, oko ìyá mi kò sí. Omi pupa ló tẹ́ lọ rẹrẹ. Mo ń wá igi ìyeyè, mo rò pé wọ́n ti gé e. Mo wá rí ewé díẹ̀ tó yọrí nínú omi bí igbó kékeré, adìẹ kan bà lé e. Igi tí mo gùn títí ní kékeré tí n kò dé òkè rẹ̀.

Mo pè é lórí fídíò. "Kúnbi, ìgbà wo ni òjò rọ̀?"

"Kò rọ̀ níbí, sà. Òkè odò lọ́hùn-ún ló ti rọ̀. Láàárọ̀, a ṣì ń tu koríko. Kí a tó jẹun ọ̀sán, kò sí oko mọ́."

"Níbo lo dúró sí tó o fi ya fídíò yìí?"

"Orí ògiri yín, sà. Ẹ má bínú. Àkàbà Nojeem ni mo fi gùn ún."

"Yí fóònù yẹn, jẹ́ kí n rí ìsàlẹ̀."

Ó yí i. Níwájú géètì mi, àwọn obìnrin náà dúró nínú omi tó dé orúnkún, wọ́n ru ọmọ ẹ̀fọ́ sórí. Faridah, àgbà wọn, ló wà níwájú. Mo mọ abọ́ tó rù. Etí rẹ̀ ti rí págunpàgun, níbi tí ìyá mi ti máa ń fi ọ̀bẹ lù ú. Lẹ́yìn géètì, ilẹ̀ gbẹ. Alángbá kan ń yá oòrùn lórí ìpìlẹ̀ mi.

"Wọ́n ti pẹ́ níbẹ̀?"

"Láti ìgbà tí omi ti lé wa."

"Nojeem dà?"

"Mo wà ńbí o, Daddy. Kọ́kọ́rọ́ rèé lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní kí n má gba ohùn gbọ́."

Faridah gbójú sókè díẹ̀ lábẹ́ ẹrù. "Daddy Kùmásì, ẹ má kọ ìwé gígùn o. Ọrùn ń ro wá."

Ẹnikẹ́ni kò lu abọ́ yẹn lọ́jọ́ náà. Ta ni ì bá ráyè lù ú? Mo wo yàrá mẹ́rin, mo wo ibi tí mo fẹ́ kí fàráǹdà kọjú sí odò. Mo kọ "fún òní nìkan," mo pa á rẹ́. Mo kọ òmíràn, mo fi ránṣẹ́:

"Nojeem, èmi ni. Ṣí géètì. Kí wọ́n da ilẹ̀ dúdú kún inú ìpìlẹ̀ yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n lọ́ ẹ̀fọ́ wọn síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ, gbé e fún Kúnbi."