Àwa Tá A Kọ́ Kọ́là

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìbínú ò níṣẹ́ rere kankan tó ń ṣe. Ìbínú ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rán kọ́là ọrùn ẹ̀wù.

Àwa mẹ́tàlélógún là ń ránṣọ lórí ìlà kẹta nílé iṣẹ́ yẹn. Káṣúà lèmi, ọdún mẹ́fà gbáko, kò síwèé, kò sí ìdánilójú. Bí wọ́n bá ní àpò lo máa rán, àpò nìkan lo máa rán títí wàá fi darúgbó, ẹni tó ń rán apá ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń rán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù. Àpò ni tèmi. Ẹni tó jókòó níwájú mi ni Màmá Kọ́là, àgbàlagbà obìnrin kan tá a fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ lórúkọ. Kọ́là ló le jù nínú ẹ̀wù. Bí etí rẹ̀ kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ̀wù ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan, ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń rán apá wú, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé. Ìgbà tó padà dé, ẹlòmíì ti wà lórí àga rẹ̀. A sáré lọ bá Alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, baba tó ń lọ aṣọ ní ìparí ìlà. Ó ní, "Ẹ ṣáà ní sùúrù." Ẹgbẹ́ wa nígbà yẹn, kàlẹ́ńdà tí wọ́n ń pín lọ́dọọdún nìkan la fi ń mọ̀ pé ó ṣì wà láyé.

Orí mi gbóná. Lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, mo lọ bá Màmá Kọ́là.

"Màmá, ẹ kọ́ mi ní kọ́là."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kí n ṣáà mọ̀ ọ́n. Ó ti sú mi kí n máa mọ ẹyọ kan."

Ó wò mí tìtì. "Èmi náà ò mọ àpò rán. Àwa méjèèjì la jọ jẹ́ púrúǹtù."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A kó ìgbálẹ̀ àti àga kíkán kúrò nínú yàrá ẹgbẹ́, a sì ń fi àjákù aṣọ kọ́ ara wa. Kí oṣù kẹta tó pé, gbogbo ìlà ti wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, ọmọbìnrin tó ń rán bọ́tìnnì á máa ka ìwé òfin ẹgbẹ́ sí wa létí, ojú ewé kan lóòjọ́. Ibẹ̀ la ti gbọ́ pé oṣooṣù ló yẹ kí ẹgbẹ́ máa ṣèpàdé. Ọdún mẹ́rin ni Alága ò ti pè é! A pe ìpàdé fúnra wa.

Alága wá, ó fajú ro. "Ẹ̀ ń fi ọwọ́ ara yín ṣe ara yín. Tí gbogbo yín bá mọ gbogbo ẹ̀, ṣé Máníjà ò ní lé ìdajì yín lọ ni?"

Mo bú u nínú mi dáadáa. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Máníjà ránṣẹ́ pè mí. Ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀, ìwé sì wà lórí tábìlì, orúkọ mi lórí rẹ̀: ìwé tó máa sọ mí di òṣìṣẹ́ gidi, tí mi ò ní jẹ́ káṣúà mọ́.

"Mo gbọ́ pé o ti mọ kọ́là," ó ní. "Ìyá yẹn ti ń lọ́ra jù. Láti ọ̀la, ìwọ ni wàá máa rán kọ́là àti àpò."

Mi ò ní purọ́ fún yín, ìwé yẹn wù mí. Ọkọ mi ti wà nílé láìríṣẹ́, ọmọ wa sì ń dàgbà. Mo ní kó fún mi di òwúrọ̀, mo sì lọ sọ ọ́ fún Màmá Kọ́là fúnra rẹ̀.

Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Gbà á, ọmọ mi. Ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú rẹ. Èmi ti ṣe tèmi."

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ yẹn, òun ló bí mi nínú jù lọ. Ta ló sọ fún un pé ó ti ṣe tirẹ̀? Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Mo dúró láàárín ìlà, mo sì sọ ohun tí Máníjà wí sókè fún gbogbo wọn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Máníjà dé, ó ní kí Màmá Kọ́là dìde. Màmá dìde. Máníjà nawọ́ sí mi. "Jókòó."

"Mo mọ̀ ọ́n rán, Ọ̀gá. Àwọn ló kọ́ mi. Mi ò ní jókòó síbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan kọ́ ló mọ̀ ọ́n. Ta ló tún mọ kọ́là rán?"

Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Inú rẹ̀ dùn. Ó nawọ́ sí ẹni tó ń rán bọ́tìnnì.

"Mo mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá. Mi ò ní jókòó."

Ó nawọ́ sí ẹlòmíì, bákan náà ni. Nígbà tó fi máa dé orí ẹnì keje, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó yíjú sí ìparí ìlà. "Alága, bá àwọn èèyàn rẹ sọ̀rọ̀!"

Alága yọ wáyà áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kúrò lára iná. "Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ rí, Ọ̀gá. Wọn ò gbọ́. Ọpẹ́ ni pé wọn ò gbọ́."

Ẹnu mi ò lè dákẹ́. Mo ní, "Ọ̀gá, àga ṣófo. Ẹ jókòó."

A wà lórí ìdúró títí ọ̀sán fi pọ́n, ẹ̀rọ kankan ò dún. Ní aago mẹ́ta, Máníjà ránṣẹ́ pé kí Màmá padà sẹ́nu iṣẹ́. Màmá jókòó, ó nu ojú rẹ̀, ó sì fi òwú sábẹ́rẹ́.

Máníjà fa ìwé mi ya lójú mi. Káṣúà ni mí títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, àwa mẹ́tàlélógún la jọ ń lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ láti lọ gba ìwé òmíràn, Alága ló sì máa kan ilẹ̀kùn.