Agbọ̀n Aláìnídìí

Ẹni tó bá mọ Ìyá Afínjú mọ̀ pé koríko kì í dàgbà níwájú rẹ̀. Obìnrin náà lè gbé ọbẹ̀ kaná, kó fi í sílẹ̀ lọ fa ewéko kan ṣoṣo tó yọ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀, Baba Alágbọ̀n, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí irun bá hù sí òun létí, kó má lọ gbé ọkọ́ o.

Ìdọ̀tí kan ṣoṣo ló gbà láyè: agbọ̀n tí ọkùnrin náà hun fún un nígbà tó ń wá ojú rere rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ti jábọ́ tipẹ́, ó kàn dúró ti ògiri ẹ̀yìnkùlé ni. Baba ní kó sun ún títí, ó sú u. "Ẹ sun ún o," ni èsì ìyá, "kí ẹ sì wá ẹni tó máa se oúnjẹ yín."

Ọdún yẹn ni ọparun ẹ̀yìnkùlé wọn tanná. Ìyá Baba ló gbìn ín, ibẹ̀ ni Baba sì ti ń gé èyí tó ń là, tó ń hun, láti kékeré. Àwọn aládùúgbò ń wo òdòdó náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Baba ò rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi sọ fún mi," ló wí. "Bó bá ti tanná, ó dágbére nìyẹn." Lóòótọ́, gbogbo rẹ̀ gbẹ látorí dé gbòǹgbò.

Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀, nítorí ó ti fún ọmọ wọn obìnrin ní gbòǹgbò kan lára rẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ó pè é lórí fóònù. Ọmọ ní, "Bàbá, tèmi náà ti tanná, ó ti kú." Ìlú ọ̀tọ̀, òjò ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ara kan náà ni wọ́n, ọjọ́ ikú wọn ò yàtọ̀. Ìyàwó ní kó lọ ra ọparun ẹlòmíì, Baba ní ọwọ́ òun ò mọ ọ́n. Ó gbé ọ̀bẹ sórí pẹpẹ, ó jókòó.

Ó dun Ìyá Afínjú wọra. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi wá ń jókòó bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀. Kí ni kó ṣe? Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ni. Nígbà tí òjò dé, tí koríko tẹ́ẹ́rẹ́ bo ìdí òkú ọparun náà, ó gbé ọkọ́. Bó ṣe ń hù ló ń ro ó, kí ojú ọkọ rẹ̀ má baà máa rí igbó níbi tí ìyá rẹ̀ gbin nǹkan sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Baba jáde wá bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú koríko tí ìyàwó rẹ̀ kó jọ, ó wo gbòǹgbò rẹ̀ títí. Hóró kan ṣì rọ̀ mọ́ ọn, bí ìrẹsì tí wọn ò tíì bó.

"Ìyá wọn, koríko kọ́ nìyí. Ọmọ ọparun ni."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi hú wọn tán.

"Mo rò pé mò ń tọ́jú yín ni," ló wí.

"Mo mọ̀. Ta ló lè bínú sí ọ?" Ṣùgbọ́n ohùn Baba ò ròkè. Hóró yòókù tó já bọ́ látinú òdòdó ọparun náà, ẹyẹ àti eku ti jẹ ẹ́ tán.

Ìyá yíjú kí ọkọ rẹ̀ má baà rí omijé òun. Ibi tó yíjú sí ni agbọ̀n wà. Ewé tútù mélòó kan ń yọrí láàrin rẹ̀. Hóró ti bọ́ sínú agbọ̀n aláìnídìí, ó ti kan ilẹ̀, ó ti hù. Ọkọ́ ò débẹ̀, torí Ìyá kì í jẹ́ kí ohunkóhun kan agbọ̀n náà.

"Bàbá wọn, ẹ wá wò ó."

Baba kúnlẹ̀. Ó ní, "Yóò pẹ́ kó tó tó í hun. Kì í ṣe àwa la máa gé e."

"Ta ló bi yín léèrè?" ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

Baba rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó mú ọ̀bẹ kúrò lórí pẹpẹ, ó la ọparun gbígbẹ, ó fi ṣe ọgbà yí agbọ̀n náà ká. Koríko bo ẹ̀yìnkùlé wọn lọ́dún náà, torí Ìyá Afínjú ò mọ èyí tó jẹ́ ọmọ ọparun nínú rẹ̀, kò sì ní fọwọ́ kan ìkankan. Nígbà tí aládùúgbò kan bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá ni, ó ní, "Ẹ fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń bímọ lọ́wọ́."