Ìdí Tí Bàbá Tíṣà Fi Ń Kí Gbogbo Ayé

Bí ẹnì kan bá wà ní Ìjẹmọ̀ tí ó mọ̀ ọ́n kí ju Bàbá Ògúnyọmí lọ, a jẹ́ pé onítọ̀hún ti kú kí a tó bí àwọn tó wà láyé báyìí. Tíṣà ni bàbá náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Èdè Yorùbá ni ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ Ẹ̀gbá, ìdí nìyí tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Tíṣà. Kò sí bí yóò ṣe gba Ìtòkú gòkè padà sí ilé rẹ̀ tí kò ní dúró níwájú ìsọ̀ bíi mélòó kan. Yóò kí àwọn aláàdìrẹ pé ẹ kú ọjà, ẹ kú ìpatẹ, ẹ ó tà á jèrè. Yóò kí ẹni tó ń lẹ táyà. Yóò kí ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè ọmọ ọmọ, yóò sì béèrè àlàáfíà ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Àwọn ọlọ́kadà pàápàá, tí ìkíni kì í dé ọ̀dọ̀ wọn bí kò ṣe èébú, rí tiwọn gbà.

Àwọn ènìyàn ní ẹ wá wo ọmọlúàbí. Ẹgbẹ́ onílé fún un ní pátákó ìyẹ́sí kan tí ń dán gbinrin. Ilé iṣẹ́ rédíò kan pè é, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ wọn, ó bá àwọn ọ̀dọ́ òde òní wí títí, pé ilé ayé ń bàjẹ́ lọ nítorí pé wọn kò mọ̀ ọ́n kí mọ́.

Òun nìkan ló mọ̀ pé èémí ni kò tó òun.

Àárín àpáta àti òkè ni àwọn baba wa tẹ Abẹ́òkúta dó sí, nítorí ogun. Wọn kò ro ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ yóò máa rẹ̀. Bí Bàbá Tíṣà bá gun òkè náà dé ìdajì, àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wúwo bí ẹni pé erùpẹ̀ ni wọ́n dì sí i. Kí àgbàlagbà dúró gbọnrangandan láàárín ọ̀nà, kí ó di ògiri mú, kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ, ìtìjú ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró tí ó ń kí ènìyàn, ta ni yóò bi í pé kí ló dé tí ó fi dúró? Báyìí ni bàbá ṣe rí ọgbọ́n dá. Yóò ju gbólóhùn kan sílẹ̀, yóò jẹ́ kí ẹni tí ó kí máa dáhùn, yóò sì máa fi ìdáhùn náà mí. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ bá gùn ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá wí pé "Hẹn, Bàbá" tí ó sì yí ojú padà, bàbá a máa kà á mọ́ àwọn tí ń ba ilé ayé jẹ́.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tí ó dà bí Àfúsá, ìyá Mùtíù, aláàdìrẹ tí ìsọ̀ rẹ̀ wà níbi tí òkè náà ti le jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń pàdé lójú ọ̀nà, bí obìnrin náà bá ń ru ẹrù rẹ̀ bọ̀. Bí bàbá bá kí i tán, òun náà yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀: ẹ kú ọjọ́ kan pẹ̀lú, ẹ kú oòrùn yìí, àwọn ọmọ ńkọ́, ọmọ yín tó wà ní Móòwé ńkọ́? Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò nínú ara rẹ̀ pé ojú mìíràn ni opó yìí fi ń wo òun. Ó ti ń dé fìlà tuntun lọ sí ọjà nítorí rẹ̀. Ẹ̀dá tí kò lè gun òkè ń múra bí ọkọ ìyàwó.

Àràmídé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló tú àṣírí náà. Móòwé ni Àràmídé ń gbé, láti ibẹ̀ ló ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó lójoojúmọ́. Ó wá kí bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó bá a lórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú bí búrẹ́dì tó mu omi.

"Dádì, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Bàtà ni."

"Ẹ ò wọ bàtà."

"Bàtà tí mo wọ̀ lánàá ni mò ń wí."

Àràmídé wọ yàrá, ó rí ìrọ̀rí mẹ́ta tí wọ́n tò lórí ara wọn sórí ibùsùn. Ó jáde padà. Kò pariwo, èyí ló sì ba bàbá lẹ́rù.

"Dádì, mo ti rò ó. Àwọn oníṣègùn kan nílé ìwòsàn kan níbí ń ṣe ìwádìí lórí oògùn tuntun. Àwọn àgbàlagbà tí ọkàn wọn kò dá ni wọ́n ń wá. Ẹni tí wọ́n bá gbà, nọ́ọ̀sì yóò máa wá wò ó nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, tí wọ́n sì gbà yín, mo lè fi ọkàn balẹ̀ sùn, ẹ máa gbé ibí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ó bá mi lọ sí Móòwé. Mo ti tún yàrá ìsàlẹ̀ ṣe."

"Kí ni mo fẹ́ máa ṣe ní Móòwé?"

"Ẹ ó máa wà láàyè, sà."

Bàbá wo ògiri ilé náà. Orí ni òun àti ìyá Àràmídé fi ru yanrìn tí wọ́n fi kọ́ ilé yìí gun òkè. Ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ ni wọ́n sì sin obìnrin náà sí. Láràárọ̀, kí ó tó fọ ẹnu, ibẹ̀ ni ó ti ń jíṣẹ́ bí ilẹ̀ ṣe mọ́ fún un. Bí ó bá di ará Móòwé, ta ni yóò máa jí ìyàwó rẹ̀?

Nítorí náà, ó pinnu pé òun yóò ṣe ohun tí òun kò ṣe rí: òun yóò sọ pé ara òun kò le. Ó fi ẹnu dánra wò níwájú dígí. Èyí tó kọ́kọ́ sọ dún bí ti alágbe. Èyí tó tẹ̀ lé e dún bí ìwàásù. Nígbà tó yá, ó rí ohùn tó bá a mu, ó sì sùn pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, lórí ìrọ̀rí mẹ́ta.

Dókítà tó ń bójú tó ìwádìí náà, Rodiat lorúkọ rẹ̀, ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni, àbùkù rẹ̀ sì nìyẹn. Bí ó ti rí ewú lórí bàbá nílé ìwòsàn ni ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, sà. Ṣé ara le?"

"Ara le koko bí ọta ìbọn, ọmọ mi. A dúpẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kí bàbá tó mọ̀. Ta ni kì í dáhùn báyẹn? Àwa tí a dàgbà nílẹ̀ yìí, bí iná bá ń jó wa láṣọ tí ènìyàn bá bi wá pé ṣé dáadáa la wà, a dúpẹ́ ni a ó kọ́kọ́ wí, kí a tó bẹ omi. Àràmídé tó jókòó tì í mí kanlẹ̀.

Dókítà jókòó, ó la ọ̀rọ̀ ìwádìí náà kalẹ̀. Kò sí ipá níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá wu bàbá, ó lè ní òun kò ṣe mọ́. Àwọn kan yóò gba oògùn tuntun kún èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, àwọn kan yóò gba hóró tó jọ oògùn tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, òun dókítà gan-an kò sì ní mọ ẹni tó gba èwo. Bàbá náà mi orí. Nǹkan tó jọ oògùn tí kì í ṣe oògùn kò ya ẹni tí ìkíni rẹ̀ kì í ṣe ìkíni lẹ́nu.

"Àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe fún yín fi hàn pé ọkàn yín kò lágbára," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n àwọn tí àìsàn náà ń yọ lẹ́nu ni ìwádìí yìí wà fún. Ṣé èémí kì í wọ́n yín bí ẹ bá ń gun òkè?"

"Òkè wo? Òkè ilé wa kò le."

"Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn?"

"Mẹ́ta. Ìwé ni mo fi ń kà."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?"

"Bàtà ni," ni Àràmídé dá a lóhùn.

Dókítà wo ọmọ, ó wo bàbá. "Bàbá, bí kò bá sí ohun tó ń ṣe yín, n kò lè gbà yín. Ó ku ohun kan. Ẹ ó rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ dúró, kí ẹ sì sọ fún mi pé ó rẹ̀ yín. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìrìn, ó gbé àyà síwájú bí ẹni tí wọ́n ń yan láti fi joyè. Ó lọ, ó bọ̀. Nígbà tó tún yí padà, àyà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Ọkùnrin kan ń nu ilẹ̀. Bàbá dúró. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìtọ́jú ilé. Iṣẹ́ ò ní pa yín."

"Bàbá," ni dókítà pè láti òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, "ẹ má kí ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn máa rìn."

"Kí n má kí ènìyàn? Nílẹ̀ Ẹ̀gbá?"

Ó tún gbé ẹsẹ̀. Níwájú, lórí bẹ́ǹṣì tí àwọn tó ń dúró de dókítà jókòó sí, ó rí ojú kan tí ó mọ̀: Àfúsá, ìyá Mùtíù. Inú rẹ̀ dùn bí ti ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ tí ó rí ẹ̀ka igi. Ó dúró, ó tún fìlà ṣe.

"Ìyá Mùtíù, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú àtàárọ̀. Ọjà ńkọ́? Ọmọ ńkọ́?" Ó pa ẹnu dé, ó ń retí ìdáhùn gígùn.

Àfúsá kò dáhùn. Ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rín sì pa á títí tí ó fi di ikọ́.

"Bàbá Tíṣà, ẹ jókòó jàre. Èémí ti tán nínú yín. Èmi tí mò ń ṣe é, ṣé n kò ní mọ̀ ọ́n ni?"

"Ẹ ń ṣe kí ni?"

"Ọkàn ló gbé èmi náà débí. Òkè Ìtòkú yẹn, tí kì í bá ṣe tiyín, ǹ bá ti ṣubú lulẹ̀ tipẹ́. Bí mo bá ti rí yín lókèèrè, n ó ní Ọlọ́run ṣeun, bàbá tó ń kí ènìyàn pẹ́ ń bọ̀, n ó rí ibi sinmi. Ìdí tí mo fi ń béèrè gbogbo ará ilé yín nìyẹn. N kò tilẹ̀ mọ ẹnì kankan ní Móòwé."

Bàbá di bẹ́ǹṣì mú. Fìlà tuntun náà wúwo lórí rẹ̀. Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn tí ó ti ń rò pé òun rẹwà lójú obìnrin kan, ibi ìsinmi ni òun jẹ́, bí òkúta ẹ̀bá ọ̀nà. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí èémí tí yóò fi rín in. Ó gbé ojú sókè, ó rí Àràmídé tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lórí ẹnu, ojú rẹ̀ dà bí ti ọmọ tó ń wo òrùlé tí afẹ́fẹ́ fẹ́ ká lọ.

"Àràmídé," ni bàbá wí. Kò dún bí alágbe, kò sì dún bí ìwàásù. "Ara mi kò le. Ó ti pẹ́ tí kò ti le. Dókítà, ó rẹ̀ mí."

Dókítà gbé àga wá, ó fà á mọ́ ẹ̀yìn bàbá, ó kọ ohun tí ó fẹ́ kọ. Àfúsá súnra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ," ni ó wí.

Wọ́n gba Bàbá Tíṣà sínú ìwádìí náà, wọ́n sì gba Àfúsá. Àràmídé pa ìlérí rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó fi òfin kan lé e: ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì bá pè é pé "a dúpẹ́" nìkan ni bàbá wí, mọ́tò yóò dé láti Móòwé. Òfin yìí le ju òkè lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá ti béèrè pé ṣé ara le, bàbá a gé ètè jẹ ná, kí ó tó wí pé, "Ìrọ̀rí méjì ni lánàá." Bóyá hóró tí ó ń lò ní nǹkan nínú, bóyá kò ní, kò mọ̀. Orí pátákó ìyẹ́sí rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń gbé ife omi lé. Ó tẹ́jú dáadáa fún un.

Àfúsá gbé àpótí méjì síwájú ìsọ̀ rẹ̀. Bí bàbá bá gun òkè dé ibẹ̀, yóò jókòó, àwọn méjèèjì yóò sì máa mí láìsọ nǹkan kan. Kì í dé fìlà tuntun mọ́. Níbi tí kò bá sí àpótí, ògiri ló ń dì mú, ẹnu rẹ̀ á wà ní pípadé, àwọn ènìyàn á sì máa kọjá lára rẹ̀.

Àdúgbò kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ìgbéraga ti wọ bàbá lára láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún un ní pátákó. Lọ́jọ́ kan, bí ó ti fara ti ògiri, ó gbọ́ tí ọlọ́kadà kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé, "Ẹ wò ó, ó ti ń wo ènìyàn bí ẹni tí kò rí ènìyàn. Òun ló sì ń bá wa wí lórí rédíò."

Bàbá la ẹnu láti dá a lóhùn. Ó wo ibi tí òkè náà kù sí, ó wo òrùlé ilé rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ó pa ẹnu dé, ó sì ń gùn ún lọ.