Ẹjọ́ Ọ̀nà Ibojì Òkè Písígà

Láti ìgbà tí Verlene Stokely ti gbọ́njú ni ìyá rẹ̀ ti ń sọ pé ẹnu òun ni òun fi ṣí ọ̀nà ibojì ìjọ Òkè Písígà. Màmá Odessa kì í sọ ọ́ bí ẹni ń fọ́nnu. Bí ẹni tó ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá ló ń sọ ọ́. Ilé-iṣẹ́ onígẹdú Carrow na ṣéènì dí ọ̀nà tí àwọn dúdú ń gbé òkú wọn gbà, ìjọ pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ lọ́dún 1957, òun dúró níwájú adájọ́, òun sọ̀rọ̀, wọ́n sì tú ṣéènì náà. Ó parí. Bó bá ti sọ ọ́ tán, á ní kí wọ́n bu búrẹ́dì àgbàdo sí i fún òun.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dun ẹnikẹ́ni títí ìjọ fi pinnu láti ri òkúta mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibojì náà, kí wọ́n sì gbẹ́ orúkọ ẹni tó ṣí i sára òkúta. Díákónì Lucius Tull ni alága ìgbìmọ̀. Ó dìde lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí gbogbo ìjọ ń jẹ ẹja díndín lábẹ́ igi, ó ní orúkọ bàbá òun, Amos Tull, ló tọ́ sí òkúta náà.

Verlene ní, "Kí la wá fẹ́ ṣe sí ti Màmá mi?"

Díákónì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Màmá Odessa, ẹ má bínú sí mi o. Àgbà ti dé. Nǹkan ti ń dà pọ̀ mọ́ra wọn lójú yín. Bàbá mi ló pẹjọ́."

"Ojú mi ni kò ríran dáadáa mọ́, Lucius. Kò tíì dé orí."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Lucius kò rẹ́rìn-ín. "Ìwé dà, mà? Kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé, ẹ fi ìwé hàn wá. Bí kò bá sí ìwé, agbẹ́kùúta á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Màmá Odessa ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Verlene wo ẹja tó wà nínú àwo náà. Láyé rẹ̀, kò rí i rí kí ìyá rẹ̀ fi ẹja sílẹ̀, inú sì bí i.

Nínú mọ́tò, ó ní, "Màmá, ẹ má dá a lóhùn. Ó ti pẹ́ tí Lucius ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni mí. Tí mo bá kú báyìí, òpùrọ́ ni wọ́n máa sin. Lọ sí kóòtù. Ìwé náà wà níbẹ̀. Obìnrin kan jókòó síwájú adájọ́, gbogbo ohun tí mo sọ ló ń tẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè wò mí." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ mọ́tò. "Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kó o gbà o. Ti ẹ̀gbẹ́, ti àwọn dúdú, ni wọ́n ní kí èmi gbà."

Verlene ti wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ní káńtì Harlow, ìjọba ìbílẹ̀ wọn, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí ọmọ aláìgbọràn tó lè dẹ́rù bà á, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ ń dẹ́rù bà á. Ó wọ aṣọ ìsìn, ó dé fìlà ọjọ́ Àjíǹde, ó sì ń dán ohun tó máa sọ wò lójú ọ̀nà. Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé, ó gbórí sókè, ó sì dúró níwájú akọ̀wé kóòtù kan, Ìyáàfin Penland, tó so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Verlene Stokely ni mí, ọmọ Odessa Stokely, láti Òkè Písígà. Mo mọ̀ pé ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló gbé mi wá. Lọ́dún 1957, nígbà tí mi ò tíì..."

"Ẹ ò ní láti sọ ìdí, mà," ni Ìyáàfin Penland wí. "Ìwé gbogbo ará ìlú ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ló lè wò ó."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Verlene nínú, ó sì tún dùn ún fún àlàyé tó ti há sórí tí kò rẹ́ni gbọ́ ọ. Àṣé ohun tó ti jẹ́ tirẹ̀ ló fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀ fún.

Kọ̀ǹpútà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fún àwọn àlejò, ṣùgbọ́n àwọn ẹjọ́ ìgbà tí ayé ti là nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ti àtijọ́ wà nínú àwọn ìwé atọ́ka ní yàrá ìsàlẹ̀, àwọn ìwé ńlá tí èèyàn ní láti fi ọwọ́ méjèèjì gbé. Verlene ṣí ti ọdún náà sí ibi tí orúkọ Stokely wà. Ó rí Stokely tó kọ ìyàwó, ó rí Stokely tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà nítorí ìbaaka. Kò rí Odessa.

Ó padà sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ibo ló tún yẹ kí n wò?"

"Mi ò lè gbani nímọ̀ràn òfin, mà."

Nínú ilé yẹn, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n ń sọ bí ẹni ń ṣe Àmín. Verlene gbé àpò rẹ̀ lé orí káńtà. "Ìmọ̀ràn kọ́ ni mo wá gbà. Ìwé ni mò ń wá."

Akọ̀wé náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ọ̀nà méjì ni ìwé atọ́ka pín sí. Ọ̀kan fún ẹni tó pẹjọ́, ọ̀kan fún ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Èyí kì í ṣe ìmọ̀ràn o. Ara ògiri ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí."

Ó padà sísàlẹ̀. Òótọ́ ni, ara ògiri ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ̀yìn ibi tí Verlene dúró sí tẹ́lẹ̀ gan-an. Ó ṣí ìwé kejì, ó wá Carrow, ó rí i. Nọ́ńbà ẹjọ́ wà níbẹ̀, ọdún wà níbẹ̀. Ẹni tó pẹjọ́: Tull, Amos, àti àwọn mìíràn.

Ó pa ìwé náà dé. Ó jáde lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, fìlà Àjíǹde lórí itan. Lucius jàre nìyẹn. Èrò kan wá sí i lọ́kàn pé kí òun délé kí òun sọ pé iná ti jó ìwé náà. Èrò kejì burú ju ìyẹn lọ: bó bá jẹ́ pé irọ́ ni Màmá ti ń pa láti àárọ̀ ọjọ́ ńkọ́? Ó bínú sí ara rẹ̀ fún èyí ju bó ṣe bínú sí Lucius lọ. Ó wá rántí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn orúkọ Amos. Àti àwọn mìíràn. Ọmọ tó kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì kọ́ ni gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì, ta ló sì mọ èyí ju Verlene lọ?

Ó tún gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé.

Ìyáàfin Penland ní, "Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni atọ́ka máa ń kọ, mà. Inú fáìlì ni àwọn tó kù wà, fáìlì ọdún yẹn sì ti wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìpínlẹ̀, ní Raleigh. Ẹ kọ orúkọ káńtì, ẹ kọ orúkọ kóòtù, ẹ kọ nọ́ńbà ẹjọ́ àti ọdún rẹ̀. Kí ẹ sì béèrè gbogbo fáìlì. Bí ẹ bá béèrè ìdájọ́ nìkan, ìdájọ́ nìkan ni wọ́n máa gbé fún yín."

"Ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀ràn?"

"Rárá o, mà," ni akọ̀wé náà wí, ẹ̀rín sì pa á.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ní Raleigh, wọ́n gbé àpótí kan wá sórí tábìlì fún Verlene. Fáìlì náà nípọn ju bó ṣe rò lọ, ó sì rí ìdí rẹ̀ lójú ìwé kejì. Nígbà tí Carrow jẹ̀bi, ó kọ̀, ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, kóòtù sì ní láti tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí jáde. Ká ní ilé-iṣẹ́ náà gba ẹ̀bi rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ Màmá Odessa ì bá ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Agídí Carrow ló bá ìdílé Stokely tọ́jú ohùn ìyá wọn.

Orúkọ Odessa Stokely ló gbẹ̀yìn nínú àwọn olùpẹjọ́. Ṣùgbọ́n níbi ẹ̀rí, ojú ìwé rẹ̀ ló pọ̀ jù. Verlene kà á títí ó fi gbàgbé ibi tó wà. Nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ sókè, ó pariwo pé, "Màmá mi nìyẹn!" Àwọn tó ń kàwé yíjú sí i. Kò tọrọ àforíjì. Ó béèrè ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀ lára.

Ọjọ́ ìpàdé, ilé ìjọ kún, wọ́n sì tún ń dín ẹja lábẹ́ igi níta. Díákónì Lucius gba ìwé náà, ó rí orúkọ tó wà lókè, ó sì gbé e sókè fún gbogbo ìjọ.

"Ẹ wò ó! Tull! Ọmọ Màmá Odessa gan-an ló lọ bá mi gbà á wá. Verlene, mo dúpẹ́ o, o ṣe é gan-an."

"Ẹ ṣí i, Díákónì. Ìwé kì í ní ojú kan ṣoṣo. Ibi tí mo ṣẹ́ etí rẹ̀ yẹn."

Ó ṣí i. Verlene dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ka ìbéèrè lọ́yà Carrow sókè. Òfin ibẹ̀ ni pé bí àwọn èèyàn bá ti ń rìn lójú ọ̀nà kan fún ogún ọdún, láìgbàṣẹ, láìfarapamọ́, ẹnikẹ́ni kò lè dí i mọ́ wọn. Lọ́yà náà ní ọ̀dọ́mọbìnrin ni ẹlẹ́rìí yìí, báwo ló ṣe mọ̀ pé wọ́n ti ń gbabẹ̀ fún ogún ọdún?

Kí Verlene tó ka ìdáhùn, ohùn kan ti dáhùn láti orí ìjókòó iwájú.

"Ìyá ìyá mi ló ń wẹ òkú ìjọ wa. Láti ìgbà tí mo ti lè gbé korobá ni mo ti ń gbé omi tẹ̀lé e. Àwọn tí mi ò bá níbẹ̀, ó kọ́ mi ní tiwọn, bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ̀yin lófin."

Lucius fi ìka sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀.

Màmá Odessa kò dìde. Ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó kọjú síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ó sì ń ka òkú wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe kà wọ́n fún adájọ́ nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. "Hosea Pettiford, 1936. Ìjì ti wó afárá, inú omi ni wọ́n gbé e gbà dé ọ̀nà yẹn. Ìbejì Lavinia Moye, 1938, inú àpótí kan náà. Bàbá Enoch Spruill, 1940, ó ga ju pósí lọ, wọ́n ní láti kan òmíràn." Bó bá ti dárúkọ ìdílé kan, àwọn ọmọ ìdílé náà á dìde lórí ìjókòó wọn, kò sì sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde. Ìka Lucius ń tẹ̀ lé e láti ìlà dé ìlà.

"Keziah Tull, 1941. Òjò ń rọ̀. Ọmọ rẹ̀ Amos ló ṣáájú pẹ̀lú fìtílà. Kò wọ bàtà, nítorí ó ti fi bàtà rẹ̀ sí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀."

Ìka Díákónì dúró. Ó ka ìlà náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń wí, kò sì gbọ́ ìtàn yìí rí. Ó jókòó.

"Màmá Odessa, mi ò mọ̀. Ẹ foríjì mí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ṣé o bi mí ni? Ìwé lo bi mí." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, Lucius náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omi lójú. Màmá na ọwọ́ síbi tí ohùn rẹ̀ ti wá. "Gbọ́, ọmọ mi. Nígbà tí lọ́yà wa béèrè ẹni tí orúkọ rẹ̀ máa ṣáájú, gbogbo ọkùnrin ìjọ yìí ń wo bàtà wọn. Wọ́n mọ̀ pé orúkọ àkọ́kọ́ ni Carrow máa rí. Bàbá rẹ ní kí wọ́n kọ tòun. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́ gẹdú. Èmi ni mo sọ̀rọ̀, òun ló gba ìyà rẹ̀. O ò purọ́, Lucius. Ojú ìwé àkọ́kọ́ lo kàn dúró sí."

Orí Verlene wú. Ìwé ló lọ wá kó lè fi gba ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ Tull. Kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ń dúró de ọjọ́ tí yóò fi ìwé kan náà gbé Tull ga.

Agbẹ́kùúta, tó ti jókòó sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù létí, gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ o, orúkọ méjì ló dé yìí. Ta ló máa ṣáájú?"

Lucius ní, "Ti Màmá."

"Rárá," ni Màmá Odessa wí. "Fi Amos ṣáájú, bó ṣe wà nínú ìwé. Ẹni tó bá ka orúkọ àkọ́kọ́ tó bá yíjú padà, àdánù tirẹ̀ ni. Verlene, ṣé ẹja ṣì kù ní ìta yẹn?"