Mo Ní Ó Kù Díẹ̀

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo mọ ohun tí mo ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ọ́ tán, torí èmi fúnra mi ti bú ara mi kọjá ibi tí ẹnu yín lè dé.

Iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń ṣe nínú ẹgbẹ́ àwa olùsìn àgùntàn. Bí mo ṣe ní iṣẹ́ ọwọ́ yìí, ọwọ́ gan-an ni mo ní lọ́kàn. Ẹgbẹ́ wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ta ẹran tirẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ la máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ àgùntàn wa wá sí àgbàlá ẹgbẹ́, tí ọkọ̀ ńlá kan á sì kó wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ ẹran tó ń rà á lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí ìkankan tó gun ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi. Màá fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí ìhà parí sí. Bí eegun ibẹ̀ bá ṣe ṣóńṣó bí oríkèé ìkúùkù, ẹran náà ṣì rù. Màá ní, "Ó kù díẹ̀," ẹni tó ni ín á sì dá a padà sílé kó lọ jẹun sí i. Bí ó bá rọ̀ bọ̀ọ̀ bí ìdí àtàǹpàkò, tí èèyàn ò gbúròó eegun rárá, ọ̀rá ti pọ̀ jù nìyẹn. Màá ní, "Ó kọjá." Ṣùgbọ́n bí ó bá dà bí ẹ̀yìn ọwọ́ téèyàn tẹ́ sílẹ̀, tí eegun wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí ẹran bò ó, "Ó tó" nìyẹn. Màá fi ọ̀dà pupa kàn án lọ́rùn, ó di inú ọkọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ló dé. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, abùṣe bùṣe.

Ìyàwó wa ni mo ṣẹ̀. Aya ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, gbogbo wa rò pé ó máa ta àwọn àgùntàn náà ni. Kò tà wọ́n. Ó wọ bàtà òjò ọkọ rẹ̀, ó fi àkísà dí iwájú rẹ̀ torí ó tóbi jù, ó bọ́ sínú ọgbà ẹran. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ tiwa, ipò ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ogún tí wọ́n ń pín. Ogún àgùntàn ni wọ́n ń béèrè. Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ mú ogún ọ̀dọ́ àgùntàn tó tó wá láàárín ọdún àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá sì lé, ọwọ́ àwọn alárọ̀ọ́bọ̀ ló bọ́ sí yẹn, àwọn tó máa ń dúró kí koríko gbẹ kí wọ́n tó wá bá èèyàn nílé, tí wọ́n á máa dá iye tó wù wọ́n. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn ìyàwó wa. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Aláwàdà èèyàn ni. Ọjọ́ tó wọlé wa ló ti sọ mí ní Òpéléńgẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi tí ẹ ń wò yìí, láti kékeré ni mo ti ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ ẹnu ọ̀nà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ká sòótọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo ń wí yìí, inú mi ò dùn kí n tó kúrò nílé. Ìbàdí ń ro mí, aṣọ iṣẹ́ mi sì ti fún débi pé bọ́tìnnì méjì ti já dànù. Mo ti yẹ ẹran bí ogójì wò. Ìyàwó wa ló kẹ́yìn. Ọ̀kan ṣoṣo ló mú wá, olórí dúdú kan báyìí, torí mọ́kàndínlógún rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ láàárín ọdún. Bí mo ṣe fẹ́ gba géètì tóóró yẹn kọjá lọ bá a, mo há. Ni ìyàwó wa bá ké:

"Òpéléńgẹ́ mi, ẹ rọra o! Bí wọ́n bá tẹ ẹ̀yin náà lẹ́yìn wò, 'ó kọjá' ni wọ́n máa pè yín!"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ọkọ̀ mú. Akọ̀wé ẹgbẹ́, tí nǹkan kan kì í pa lẹ́rìn-ín láyé, fi ìwé bojú. Mo ṣe bí ẹni ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ń hó. Mo fọwọ́ kan olórí dúdú. Ẹ gbọ́ o, ẹran náà tó. Àtàǹpàkò mi mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo gbójú sókè, mo rí i tó ṣì ń nu omi ẹ̀rín lójú, ni mo bá ní:

"Ó kù díẹ̀."

Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. "Ó kù díẹ̀ kẹ̀? Mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, mo ní ó tó."

"Ṣé ọwọ́ rẹ ni wọ́n ń tẹ̀ lé ni, àbí ọwọ́ mi?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ọwọ́ yín ni."

Ẹ má jẹ́ n parọ́: mo mọ̀ pé ó ku ọ̀kan. Ohun tí mo rò ni pé kí ara ta á fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Tó bá di Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, màá fi ọ̀dà pupa kàn án, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò tíì lọ ju wákàtí kan tí ilé-iṣẹ́ ẹran fi pe akọ̀wé lórí fóònù. Wọ́n láwọn ò ra mọ́ lọ́dún yìí. Ọkọ̀ ìkẹyìn ló lọ yẹn. Akọ̀wé ṣí ìwé, ó fi ìka tọ orúkọ wá sísàlẹ̀ títí ó fi dórí ìyàwó wa. Ó ní, "Mọ́kàndínlógún. Kò pé."

Mo lè sọ ọ́ nígbà yẹn. Bí mo tiẹ̀ ní ọwọ́ mi ṣìṣe, ì bá ṣì dáa. Kí ló wá dí mi lẹ́nu? Ìgbéraga ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Bí mo bá ní mo ṣìṣe lórí ọ̀kan, wọ́n á bi mí nípa ẹgbẹ̀rún tó kù. Dípò kí n sòótọ́, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀. Mo lọ bá alága wa nílé, mo ní kí wọ́n fún un lọ́dún kan sí i, kó bẹ̀rẹ̀ ogún mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí mi, wọ́n gbà. Ṣé ẹ mọ ohun táwọn èèyàn wá ń sọ? Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe fẹ́ràn ìyàwó wọn!" Ìyàwó wa fúnra rẹ̀ wá dúpẹ́. Gbogbo "ẹ ṣé" tó ń sọ, bí ìgbájú ló ń bà mí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó tún padà wá. Ó fi okùn fa olórí dúdú dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná mi.

"Àǹtí, ẹ wá kọ́ ọwọ́ mi. Mo ti tẹ̀ ẹ́ títí, mi ò rí ibi tó kù sí. Ẹ bá mi gbé ọwọ́ mi síbẹ̀."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le, ó ti sán. Mo gbé e lé ẹ̀yìn ẹran náà. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti ní, "Kò sí ohun tó kù lára rẹ̀, ìbínú ni." Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, mo gbé e mì.

"Ṣé o gbọ́ eegun yẹn lábẹ́ ìka rẹ?" ni mo wí. "Kò yẹ kó o gbọ́ ọ. Ìgbà tó bá rọ̀ bí ìdí àtàǹpàkò rẹ ló tó tó."

"Bí ìdí àtàǹpàkò kẹ̀? Mo rò pé ìyẹn ti kọjá ni."

"Irú àgùntàn tìrẹ yàtọ̀. Eegun wọn tóbi. Mọ́kàndínlógún tó lọ yẹn, mo kàn gbójú fò wọ́n ni." Ẹ gbọ́ irọ́!

Ó di ojú. Ó tẹ ẹran, ó tẹ ìdí àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó tún tẹ ẹran, bí ọmọ iléèwé tó ń há iṣẹ́ sórí. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Mo ti gbọ́. Ọwọ́ mi ló gọ̀, Àǹtí. Ẹ má bínú." Òun ló ń bẹ èmi! Mo bu omi fún un mu, mo bu fún ẹran náà, mi ò sì lè wo ojú ìkankan nínú àwọn méjèèjì.

Ọdún yẹn gùn. Ọkọ̀ ń wá ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ ń lọ, ìyàwó wa ò mú ẹran kankan wá. Bí wọ́n bá bi í, á ní wọn ò tíì tó, òun ò fẹ́ kánjú mọ́. Oko rẹ̀ wà lápá ibi tí ẹlòmíràn kì í sáábà gbà, kò sẹ́ni tó rí wọn. Èmi rí wọn. Mò ń rí i tó ń ru koríko ní ìdì ìdì, tó ń dín oúnjẹ tara rẹ̀ kù kó lè ra oúnjẹ ẹran sí i. Màá ní Sátidé ni màá sọ fún un, Sátidé á kọjá. Mo wá ń gbé nǹkan lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, ọṣẹ, ìwé, bàtà. Ọkọ mi ń wò mí. Ó ní, "Ìwọ tí o kì í fún èèyàn níyọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló ń lé ọ kiri?" Mo ní kó jẹ́ n gbádùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó ku ọkọ̀ méjì péré kí ọdún parí, ìyàwó wa kó méjìlélógún wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti fọ̀ wọ́n. Ilé-iṣẹ́ ẹran sì rán ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ náà láti wo bí a ṣe ń ṣe é, ọkùnrin tínńrín kan tó wọ bàtà funfun, tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré.

Mo fọwọ́ kan èkínní: bọ̀ọ̀. Èkejì: bọ̀ọ̀. Nígbà tí mo fi máa dé orí ìkẹrin, òógùn ti bò mí. Bí mo bá ní ó tó, oníbàtà funfun á tẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá ní ó kọjá, ìyàwó wa ti jáde nínú ẹgbẹ́ láéláé.

"Òpéléńgẹ́, ẹ sọ̀rọ̀ kẹ̀," ni ìyàwó wa wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Àbí wọ́n dáa débi tẹ́nu fi yà yín ni?"

Oníbàtà funfun sún mọ́ wa. Ó tẹ ọ̀kan, ó tẹ ìkejì, ó gba àárín gbogbo wọn já. "Gbogbo wọn ló ti kọjá," ó ní. "Ọ̀rá lásán ni. A ò lè ra ìkankan."

"Rárá o, sà," ni ìyàwó wa wí. "Bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe é nìyẹn. Àǹtí ní kó rọ̀ bí ìdí àtàǹpàkò."

Gbogbo ojú yí sí mi. Alága ní, "Ta ló ń kọ́ èèyàn bẹ́ẹ̀? Ẹni tó dé àná nínú wa mọ̀ pé ìyẹn ti kọjá."

Mi ò tíì lanu tí ìyàwó wa fi wojú mi. Mi ò mọ ohun tó rí níbẹ̀. Bóyá ó rò pé ìtìjú fẹ́ bá mi nítorí òun. Ó yára kúnlẹ̀ níwájú alága.

"Ẹ má bá wọn wí, sà. Wọ́n sọ ọ́ fún mi bó ṣe yẹ, èmi ni mo gbọ́ ọ sódì. Ẹ lé mi, kò burú, ẹ ṣáà má bà wọ́n lórúkọ jẹ́."

Háà! Ilẹ̀ ì bá lanu lọ́jọ́ náà, n bá fi ẹsẹ̀ ara mi wọ̀ ọ́. Mo ti ń retí pé kó bú mi, mo ti to àwáwí sílẹ̀ lóríṣiríṣi. Mi ò to ìkankan sílẹ̀ fún èyí.

"Ẹ gbé e dìde," ni mo wí. "Ó gbọ́ mi dáadáa. Irọ́ ni mo pa fún un."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, látorí àwàdà tó fi mí ṣe títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná mi. Awakọ̀ tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí, ilẹ̀ ló ń wò.

Alága ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó kàn nawọ́, mo gbé agolo ọ̀dà lé e lọ́wọ́. Akọ̀wé ṣí ìwé ọdún tó kọjá, ó sọ mọ́kàndínlógún di ogún, ó ní ọmọ ẹgbẹ́ ni ìyàwó wa láti ọdún tó kọjá, ẹnikẹ́ni ò lè lé e mọ́. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ìyàwó wa ò gbọ́ wọn. Èmi ló ń wò.

"Olórí dúdú ọjọ́ yẹn," ó ní. "Ó tó?"

"Ó tó."

"Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, tí mo ní ó tó, ọwọ́ mi ò ṣìṣe?"

"Kò ṣìṣe. Ìyàwó wa, jọ̀ọ́..."

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí ni, mo sì dúró dè é. N bá dúpẹ́. Kò gbá mi. Àtẹ́lẹwọ́ náà ló ń wò.

"Ọdún kan gbáko," ó ní, "ni mo fi ń bú ọwọ́ yìí."

Ó yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹran náà padà sínú ọkọ̀ tó fi kó wọn wá. Wọ́n wúwo, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo lọ di ọ̀kan mú láti bá a gbé e. Ó dúró. Ọwọ́ mi tó wà lára ẹran náà ló tẹjú mọ́, títí mo fi gbé ọwọ́ náà kúrò.