Ìkúnlẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Gáráko

Gáráko, ọ̀gá atukọ̀ ọkọ̀ òfurufú náà, kò dìde nígbà tí Modúpẹ́ wọlé. Ó na ọrùn rẹ̀ gígùn sókè, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, awọ ara rẹ̀ sì ń dán bí àpáta Ushafa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Ìwọ ni wolé-wolé?"

"Èmi ni."

"O kúrú."

"Kì í ṣe gíga ni wọ́n fi ń mọ ilé tó dọ̀tí," ni Modúpẹ́ dá a lóhùn. Ẹ̀wù tí ó wọ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba ni Modúpẹ́ Adésànyà. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà ọyẹ́ ọdún 2005, ọkọ̀ Gáráko ti rọra sọ̀ kalẹ̀ nínú kùrukùrù sí ojú títì márosẹ̀ Kubwa, ó sì gbé odindi bọ́ọ̀sì kan tòun tèrò inú rẹ̀ lọ, bí àṣá ti í gbé òròmọdìyẹ. Lẹ́yìn èyí ni ó lọ fara pamọ́ sínú kùrukùrù lókè àwọn òkè Ushafa. Ọkọ̀ ńlá kan wà lójú ọ̀run tí gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jíhìn fún, tí wọ́n ń pè ní ọkọ̀ ìyá. Ọkọ̀ ìyá yìí rán wolé-wolé kan wá láti yẹ ẹrù wò kí wọ́n tó gbéra. Wolé-wolé náà ṣìnà, ó balẹ̀ sáàárín àwọn amọ̀kòkò, àwọn ará abúlé sì dì í tọwọ́ tẹsẹ̀ kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe ìjọba. Nínú gbogbo àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó dé ibẹ̀, Modúpẹ́ nìkan ni ẹ̀wù wolé-wolé náà bá mu, ọkọ̀ kékeré tí wolé-wolé náà gbé wá ni ó sì gbé e dé inú ọkọ̀ Gáráko.

Ẹ̀wù náà bo ènìyàn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, gíláàsì dúdú kan sì wà níwájú ojú. Oríṣiríṣi ayé ni àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ wọ̀nyí ti wá, ẹnìkan kò sì mọ ojú ẹnìkejì. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́rùn ẹ̀wù náà tí ó ti ń gbọ́ rédíò aráyé tipẹ́. Bí Modúpẹ́ bá sọ Yorùbá, èdè àwọn ará ọkọ̀ ni yóò ti ẹnu ẹ̀rọ náà jáde. Bí àwọn náà bá sọ tiwọn, Yorùbá ni yóò gbọ́ létí.

Ohun tí wọ́n rán an kò ṣòroó sọ, ẹnu wolé-wolé náà ni wọ́n sì ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Bí wolé-wolé bá gba ẹrù wọlé, ọkọ̀ yóò gbéra, àwọn èrò bọ́ọ̀sì yóò sì di ẹrú ní ayé kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá kọ̀ ọ́, Gáráko gbọ́dọ̀ dá wọn padà. Ṣùgbọ́n bí Gáráko bá fura pé irọ́ ni, Modúpẹ́ pàápàá yóò di ọ̀kan nínú ẹrù.

"Wolé-wolé tó wá kẹ́yìn sọ pé ilẹ̀ ọkọ̀ mi ń rùn," ni Gáráko wí. "Mo jù ú síta. Ojú ọ̀run lọ́hùn-ún la wà nígbà náà."

"Ilẹ̀ náà wá ti mọ́ báyìí?"

Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wúkọ́, ó jọ ẹni tó ń fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Gáráko yí ọrùn sí i, ikọ́ náà sì dáwọ́ dúró.

"N kò gba ẹrù yìí," ni Modúpẹ́ wí. "Dá a padà síbi tí o ti gbé e."

"Ẹrù tí o kò tíì fojú rí?" Gáráko dìde wàyí, orí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. "Ó dára. Wá rí i. Lẹ́yìn náà, sọ fún mi ohun tó ṣe é. Bí n kò bá rí ohun tó ṣe é, ìwọ náà mọ ọ̀nà ìta."

Wọ́n gba ọ̀nà tóóró kan lọ, ẹ̀ṣọ́ kan ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá iná lọ́wọ́. Modúpẹ́ ń wá ẹ̀sùn kan lọ́kàn tí yóò lè dúró, kò sì rí. Ṣé kí ó ní wọ́n rù jù ni? Àbí kí ó ní wọ́n ti dàgbà jù? Ilẹ̀kùn ṣí kí ó tó yan ọ̀kan.

Bọ́ọ̀sì náà wà láàárín yàrá ńlá kan, odidi, eruku ọ̀nà Kubwa ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn èrò kan jókòó sínú rẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kàn ń dúró de kí ọ̀nà là. Ọkùnrin kan tó so táì, Adébíyì, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ń gbé fóònù rẹ̀ sókè kiri.

"Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí rárá," ni ó ń wí. "Ọ̀gá mi á ní mo tún pẹ́ dé. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?"

"Kai!" ni awakọ̀, ọmọ Hausa kan tí ilà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, dá a lóhùn. "Ọ̀gá, ibi tí ilẹ̀ ò sí, ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa wà níbẹ̀?"

Nígbà náà ni obìnrin àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, tí ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, tí ó sì kọjú sí wọn.

Kò sí ẹni tó sọ fún Modúpẹ́ pé Ìyá Rísíkàt wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, abọ́ àti ike ni ó ń tà lọ́jà Wùsè. Nígbà tí àwọn òbí Modúpẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Kubwa, tí ìyá rẹ̀ kì í tètè dé láti ọ́fíìsì, ilé Ìyá Rísíkàt ni ó ti ń jẹun bí ó bá ti ilé ìwé dé. Kò sí ọjọ́ kan tí ó rí obìnrin yìí tí ó dúró ṣánṣán láìkúnlẹ̀ kí i.

Kò dúró ní ọjọ́ náà pẹ̀lú. Kí ó tó ronú kan ohunkóhun, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀.

Gáráko tẹ ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó.

"Kí ni o ń ṣe nílẹ̀ yẹn?" Ohùn Gáráko lọ sílẹ̀, ó sì tutù. "Wolé-wolé ọkọ̀ ìyá ń kúnlẹ̀ fún ẹrù?"

Modúpẹ́ gbọ́ bí ọ̀pá iná ẹ̀ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá fò dìde, ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Nítorí náà kò dìde. Ó tún tẹrí ba sí i, ó sì fi gbogbo agbára pariwo:

"Padà sẹ́yìn! Gáráko, bí ẹ̀mí rẹ bá dùn mọ́ ọ, padà sẹ́yìn!"

Ẹ̀ṣọ́ náà ni ó kọ́kọ́ padà sẹ́yìn.

"Èémí wọn ni," ni Modúpẹ́ wí. "Àrùn wà nínú rẹ̀, òkè ni ó sì ń gbà lọ bí èéfín. Orí ìkúnlẹ̀ la ti ń yẹ alárùn wò, kí ó lè ré orí ẹni kọjá. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ tí o kò mọ èyí? Ìwọ tí ọrùn rẹ gùn tó báun, ojú ibo lo rò pé ó ń gbà?"

Gáráko fa ọrùn rẹ̀ wọlé bí ahun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀.

"O rí àrùn lójú ẹsẹ̀ kan náà? Fi àmì rẹ̀ hàn mí."

Modúpẹ́ na ìka sí Ìyá Rísíkàt, sí àwọn ilà tí wọ́n kọ sí i lójú ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti kékeré. "Wo ojú rẹ̀. O kò rí ibi tí ó ti ń là á?"

"Mo rò pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

"Wọ́n bí ta ni bẹ́ẹ̀? Wo awakọ̀ náà, ó ti ràn án! Tirẹ̀ tilẹ̀ ti gba gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Gáráko wo awakọ̀. Ó wo Ìyá Rísíkàt. Ó wo Adébíyì, tí ojú rẹ̀ ń dán gbinrin. "Ti ẹni yìí ńkọ́?"

"Tirẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Òun ló burú jù."

"N kò gbọ́ àrùn yìí rí lórí rédíò wọn."

"Ta ni ń kéde àrùn ilé rẹ̀ lórí rédíò?"

Gáráko yí ọrùn sí ẹ̀ṣọ́. "Ẹ dáná sun wọ́n. Ẹ sun gbogbo wọn, kí ó tán síbẹ̀."

Ẹ̀ṣọ́ gbé ọ̀pá iná sókè.

"Sun wọ́n!" ni Modúpẹ́ fi ìbínú wí. "Kí èéfín wọn sì gba ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ ń gbà, kí ó wọ yàrá rẹ. Èmi kò kúkú ní í sùn síbẹ̀ ní tèmi."

Ọ̀pá iná náà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ.

Ní gbogbo àkókò yìí, ariwo àjèjì lásán ni àwọn èrò ń gbọ́. Ohun tí Ìyá Rísíkàt rí ni pé ẹ̀dá kan láti ojú ọ̀run kúnlẹ̀ fún un, kò sì tíì dìde. Ó rọra sún mọ́ ọn.

"Màmá, ẹ fi í sílẹ̀!" ni Adébíyì ké. "Ṣé ẹ ò rí i pé àwọn ló jí wa gbé ni?"

"Bó jẹ́ gbọ́mọgbọ́mọ náà, ó ṣáà kí mi," ni Ìyá Rísíkàt wí. "Ṣé kí n wá máa wò ó nílẹ̀ bí ẹni tí kò gbẹ̀kọ́ ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. "Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Dìde. Ọlọ́hun á jẹ́ kí o dàgbà. Wàá rí ẹni kúnlẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹ dá wa padà o, mo lọ́jà láti ná."

Gáráko ké bí ẹni tí wọ́n fi iná jó. "Ó fọwọ́ kàn ọ́! Alárùn ti fọwọ́ kàn ọ́!"

Òun àti ẹ̀ṣọ́ sáré jáde, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ há sẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn sì pa dé gbàgà. Modúpẹ́ wà nínú yàrá ẹrù pẹ̀lú àwọn ẹrù. Ẹ̀rù bà á, lẹ́yìn náà ó rí ohun tí ọwọ́ àgbà yìí ṣe fún un: Gáráko kò ní í fẹ́ kí òun náà wà nínú ọkọ̀ mọ́. Ó sáré lọ lu ilẹ̀kùn.

"Gáráko! Má fi mí sílẹ̀ láàárín wọn! Gbé mi dé ọkọ̀ ìyá, mo bẹ̀ ọ́!"

"O kò ní í mí èémí kan sí i nínú ọkọ̀ mi!" Ohùn náà ń gbọ̀n lẹ́yìn irin. "Ìwọ àti wọn, ẹ ń bọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí!"

"Láti òkè yìí? Wolé-wolé kejì tó máa jábọ́ nínú ọkọ̀ rẹ? Kí ni wàá wí fún ọkọ̀ ìyá?"

Ọkọ̀ náà yí lójijì, àwọn èrò sì di ara wọn mú. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ilẹ̀ yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í là láàárín, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì gba ibẹ̀ wọlé.

Modúpẹ́ fa ìbòrí ẹ̀wù náà ya kúrò lórí tòun tẹ̀rọ ọrùn rẹ̀. "Ẹ wọ bọ́ọ̀sì! Gbogbo yín, ẹ wọ bọ́ọ̀sì!"

"Modúpẹ́?" Ìyá Rísíkàt la ẹnu. "Ọmọ Ìyá Adésànyà? Ìgbà wo ni ìwọ di ará ọ̀run?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè! N óò ṣàlàyé!"

Adébíyì ni ó fà á wọlé bí ilẹ̀ ti kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì náà lọ sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí ewé, obìnrin kan ń ké pe Jésù, ẹlòmíràn ń ké pe Ọlọ́hun, awakọ̀ sì di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú bí ẹni pé òun ni ó ń wa á. Omi fọ́n sókè fàà. Etí adágún Jabi ni wọ́n bà sí, táyà wọn nínú ẹrẹ̀, àwọn màlúù tó wá mumi sì ń wò wọ́n. Lókè, ọkọ̀ Gáráko kéré bí abẹ́rẹ́, ó sì pòórá.

Ariwo ayọ̀ sọ. Àwọn èrò ń dì mọ́ ara wọn, Adébíyì tú táì rẹ̀ ó ń jù ú kiri. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kùn, ó sì kú.

"Ó rì," ni ó wí. "Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wá tì í!"

Gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀. Modúpẹ́ káṣọ àjèjì náà sókè dé orúnkún, ó fi èjìká ti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adébíyì, ẹrẹ̀ sì ń ta sí i lójú. Ìyá Rísíkàt dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ó ń pàṣẹ: "Ó yá, ẹ tì í! Ẹ tún tì í!" Ní ìgbà tí ẹ́ńjìnnì náà dáhùn, bọ́ọ̀sì fò jáde nínú ẹrẹ̀, kò sì dúró, gbogbo wọn sì ń sá tẹ̀ lé e lọ sójú títì, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ké sí awakọ̀ pé kí ó dúró de àwọn.