Jíìpù Tí Fẹ́yìsayọ̀ Fi Téèpù Wọ̀n

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Láńrewájú fi wa bọ́ọ̀sì ní ìlú Dublin ní Ireland, ojú ọ̀nà kan náà ló sì ń tọ̀ lọ tó ń tọ̀ bọ̀. Ó mọ ibi tí kòtò kọ̀ọ̀kan wà. Ó mọ ìyá arúgbó tó máa ń dúró pẹ̀lú ajá rẹ̀ ní àdúgbò Lucan láàárọ̀. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń bá Fẹ́yìsayọ̀ ìyàwó rẹ̀ sọ: “Tí mo bá pé ọgọ́ta ọdún, ibi tí kò sí ibùdókọ̀ ni mo máa wa ọkọ̀ lọ. A ó sùn síbẹ̀, a ó jí síbẹ̀.”

Ọgọ́ta ọdún pé, ìbàdí ni kò jẹ́. Oṣù kọkànlá ni wọ́n pààrọ̀ eegun ìbàdí òsì fún un ní ilé ìwòsàn. Dókítà ní tó bá di oṣù kẹta ó lè wa ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gun àkàbà, kò sì gbọdọ̀ jókòó síbi tó bá rẹlẹ̀ jù. Ọkùnrin tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ìnṣì méjì wá ń fi ọ̀pá rìn láti pálọ̀ dé kíṣìnì. Nígbà tí àwọn ará ìjọ wọn tó fẹ́ràn jíìpù ń múra àtilọ pàgọ́ sí etíkun Mayo, lápá ìwọ̀ oòrùn Ireland, ní oṣù karùn-ún, ó ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò.

“Fẹ́yì, jẹ́ kí n gbàgbé ẹ̀,” ló wí. “Ọjọ́ ti lọ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.”

Fẹ́yìsayọ̀ kò gbà. Aránṣọ ni. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Lucan, ó ń gé ṣòkòtò tó bá gùn, ó sì ń tú kaba tó bá fún. Ohun tí iṣẹ́ náà ti kọ́ ọ ni pé bí aṣọ kò bá ba ènìyàn mu, ẹ̀bi kì í ṣe ti ara. Ó pe Tẹ́ní, ọmọ wọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Citywest, ó ní kó wá gbé àwọn lọ wo ọkọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Láńrewájú ráhùn títí, àmọ́ ó tẹ̀ lé wọn.

Fọlárìn náà wa ọkọ̀ tirẹ̀ bá wọn lọ. Òun ni aṣáájú àwọn ọlọ́jíìpù ìjọ, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ dùn, tí inú rẹ̀ sì mọ́. Píkọ́ọ̀pù onílẹ̀kùn mẹ́rin ni tirẹ̀, ó sì ti de àgọ́ mọ́ orí rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣí bí ẹni ṣí ìwé, tí wọ́n sì ń fi àkàbà gùn.

“Sístà Fẹ́yì, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú,” ló wí bí wọ́n ṣe wọ ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù. “Píkọ́ọ̀pù ni o. Ẹ̀yìn rẹ̀ á gba gbogbo ẹrù yín, ẹ ó sì wà lókè bí ọba.”

Fẹ́yìsayọ̀ ka ìtẹ̀sẹ̀ tó wà lára àkàbà àgọ́ náà. Méje ni.

“Bùrọ́dà Fọlárìn, ẹni tí wọ́n ní kó má gun ẹyọ kan, ẹ fẹ́ kó gun méje kó tó sùn? Tí ìtọ̀ bá wá gbọ̀n ọ́n ńkọ́?”

“Ẹ lè bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ máa sùn síbẹ̀.”

Fẹ́yìsayọ̀ yọ téèpù tó gbé kọ́rùn, ó wọn ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Ó bojú wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

“Ṣé kí n wá gé e kúrú ni?”

Tẹ́ní bú sẹ́rìn-ín. Láńrewájú náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mélòó kan.

Jíìpù kúkúrú pupa kan wà níbẹ̀, onílẹ̀kùn méjì, ó ń dán yanran. Tẹ́ní kò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀. “Ah Mummy, that's only gorgeous,” ló wí. Ìyá rẹ̀ ṣí i wò. Ẹni tó bá máa dé ẹ̀yìn rẹ̀ ní láti ká ara kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga iwájú, bó bá sì débẹ̀, àyè ìdùbúlẹ̀ kò sí. Ó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó kọjá lọ.

Wọ́n dé ìdí ọkọ̀ fáànù gíga kan, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Eléyìí wu Fẹ́yìsayọ̀, nítorí Láńrewájú fẹ́rẹ̀ẹ́ lè nàró nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Láńrewájú fúnra rẹ̀ tẹ̀ sórí ọ̀pá, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀, ó mi orí.

“Ikùn rẹ̀ ti súnmọ́ ilẹ̀ jù. Ẹsẹ̀ iwájú nìkan ló sì ń fà á. Òkúta kan péré nínú igbó, ó parí.”

Fẹ́yìsayọ̀ fọkàn sí ohùn náà. Ohùn awakọ̀ ni. Kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ̀ láti ìgbà tó ti ti ilé ìwòsàn dé.

Lẹ́yìn ọgbà pátápátá ni wọ́n ti rí èyí tí ẹnikẹ́ni kò wò. Jíìpù gígùn ni, onílẹ̀kùn mẹ́rin, ó rí gbọ̀ngbọ̀n bí àpótí, àwọ̀ ewé. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìlẹ̀kùn ilé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ̀ wọnú. Bàbá onírùngbọ̀n funfun tó ni ọgbà náà sọ fún wọn pé àgbẹ̀ kan ló fi ń kó àgùntàn, òun sì ti ń ronú àtitú u tà ní ẹ̀yà ara. Òórùn àgùntàn náà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Fẹ́yìsayọ̀ ní kí wọ́n tẹ àga ẹ̀yìn lélẹ̀, kí wọ́n sì ti ti iwájú síwájú. Ó wọn inú rẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ìnṣì márùn-ún. Ó wá padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Tẹ́ní, ẹ dúró dáadáa.”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n láti abẹ́ ìdí dé ilẹ̀, bí ẹni fẹ́ rán ṣòkòtò fún un. Ó wọn ẹnu búùtù jíìpù náà dé ilẹ̀. Tí ó bá tẹ́ fóòmù sí i, ìyàtọ̀ kò ní ju ìka méjì lọ.

“Ẹ jókòó.”

Láńrewájú jókòó láìbẹ̀rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó gbé èkejì, ó rọra na gbalaja.

“Ẹsẹ̀ yín kan nǹkan?”

“Rárá.”

“Orí ńkọ́?”

Láńrewájú mi orí pé rárá. Ó ń wo òrùlé ọkọ̀ náà bí ẹni ń wo ojú ọ̀run. “Fẹ́yì,” ló wí nígbẹ̀yìn, “bá mi ti ìlẹ̀kùn yẹn wò.”

Fọlárìn ní ọkọ̀ àgùntàn ni wọ́n rà. Tẹ́ní fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí òórùn náà tó lọ. Fẹ́yìsayọ̀ rán kọ́tìnì sí fèrèsé rẹ̀ gbogbo, ó gé fóòmù bá ilẹ̀ inú rẹ̀ mu.

Nígbà tí oṣù karùn-ún pé, ọkọ̀ mẹ́rin ló gbéra ní Lucan: píkọ́ọ̀pù mẹ́ta, àti jíìpù Láńrewájú. Ní Mayo, àgbẹ̀ kan fún wọn láyè láti gba orí ilẹ̀ rẹ̀ lọ sí etíkun. Ọ̀nà tóóró ni, àárín ilẹ̀ àbàtà ló gbà, nígbà tó sì kù díẹ̀ kó dé òkun, ó ru sókè bí iké kó tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Fọlárìn ló ṣáájú. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gùn ju jíìpù lọ, ikùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ jù ú lọ. Iwájú rẹ̀ kọjá orí iké náà, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì dé e, ni ikùn rẹ̀ bá jókòó lé e lórí. Ó tẹ iná, táyà ń pòyì, ẹrẹ̀ ń fò. Kò lọ síwájú, kò bọ̀ lẹ́yìn.

Láńrewájú sọ̀ kalẹ̀ wò ó. Ó ní kí wọ́n so okùn mọ́ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, kí wọ́n so ìkángun rẹ̀ mọ́ jíìpù òun. Ó padà sídìí ọkọ̀, ó fi í sí jíà tó lágbára jù lọ, ó sì fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé, títí Fọlárìn fi bọ́ sórí koríko.

“Bùrọ́dà Láńre, ẹ ṣé o,” ni Fọlárìn wí. “Ibí la máa sùn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè kọjá.”

Láńrewájú wo iké náà. Ó wo Fẹ́yìsayọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ṣé ẹ ó bọ́lẹ̀ ni, àbí ẹ ó bá mi lọ?” Ó dédé ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀ bí èrò ọkọ̀.

“Ẹ máa wà á,” ni Fẹ́yìsayọ̀ dáhùn.

Ó gùn ún jẹ́jẹ́. Iwájú jíìpù yọ sí ojú ọ̀run, Fẹ́yìsayọ̀ kò rí ilẹ̀ mọ́, ó di ìjókòó mú. Kò sí ohun tó ha wọ́n lábẹ́. Iwájú bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, gbogbo òkun sì ṣí sílẹ̀ níwájú wọn. Lẹ́yìn wọn, àwọn ará ìjọ ń pàtẹ́wọ́, Tẹ́ní ló sì ń pariwo jù nínú wọn: “Go on, Daddy!”

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lọ́jọ́ kejì ni Fẹ́yìsayọ̀ jí. Afẹ́fẹ́ ti jà lórí òkè, àwọn yòókù ti ká àgọ́ wọn, orí ìjókòó ni wọ́n sùn. Láńrewájú ti ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó ti jókòó sétí fóòmù, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú iyanrìn. Ó dìde. Ọ̀pá rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kò wò ó. Ó rìn lọ títí omi fi bo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ga, ó nàró ṣánṣán, ó nawọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi ohùn kíkẹ̀ àárọ̀ kọ orin ọpẹ́.

Lẹ́yìn náà ó yíjú padà.

“Fẹ́yì, omi yìí tutù o. Máa bọ̀.”

Fẹ́yìsayọ̀ ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì lọ bá a.